Ìkòkò Àdúrà Àwọn Dakota: Ìdí Tí Orí àti Ọ̀pá Rẹ̀ Fi Ń Gbé Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ wo dúrọ́ọ̀ méjì yìí. Orí tí wọ́n fi òkúta pupa gbẹ́ ló wà nínú tòkè, ọ̀pá igi gígùn ló wà nínú tìsàlẹ̀. Ìkòkò tábà kan náà ni àwọn méjèèjì, ti àwọn Dakota, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ ni wọ́n ṣe tú u. Bó ṣe yẹ kí mùsíọ́ọ̀mù tọ́jú rẹ̀ nìyẹn.

Lójú àwọn tó ni ín, tí ọ̀pá bá ti wọ orí, àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Tí àdúrà bá parí, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á kó o padà sínú àpò. Igbó kọ́ ni wọ́n ń fà nínú rẹ̀ o. Èèpo inú igi tí wọ́n ń pè ní red willow ni, tí wọ́n ha, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì lè pò mọ́ tábà.

Ibi tí òkúta pupa náà ti lókìkí jù ni Pipestone, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Minnesota. Catlinite ni wọ́n ń pè é, nítorí George Catlin, ayàwòrán kan tó débẹ̀ ní 1836. Láti 1937 ni ilẹ̀ náà ti wà lábẹ́ ààbò ìjọba àpapọ̀. Ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀ tí ìjọba dá mọ̀ nìkan ló lè gbàṣẹ wà á, òòlù ńlá, dígà àti ṣọ́bìrì ni wọ́n sì fi ń wà á. Òkúta quartzite ló bò ó mọ́lẹ̀, òkúta tó le débi pé ọ̀bẹ irin kò lè fi àmì sí i, ó sì lè nípọn ju mítà mẹ́ta lọ. Wọ́n á fọ́ gbogbo ìyẹn kí wọ́n tó kan ìpele pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀, èyí tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ lásán lè gbẹ́ ẹ. Omi máa ń kún inú kòtò nígbà tí yìnyín bá yọ́, nítorí náà, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wọn sí ìgbà tí ewé ń wọ́ ni iṣẹ́ máa ń gbóná jù.

Ihò ló yẹ kí agbẹ́kùúta kọ́kọ́ lu, kó tó gbẹ́ ẹyẹ tàbí orí èèyàn sí i lára. Ìdí ni pé òkúta yìí lè ní ìlà ẹ̀là tí ojú kò rí. Tó bá máa là, kó là nígbà tó ṣì jẹ́ kùrúbùtù. Ihò kan wá láti òkè, ibi tí wọ́n ń kó tábà sí. Èkejì wá láti ẹ̀gbẹ́, ibi tí ọ̀pá ń wọ̀. Àfi kí méjèèjì pàdé nínú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èéfín kò ní kọjá. Ihò ọ̀pá máa ń fẹ̀ lẹ́nu, á wá máa tín-ín-rín lọ sínú, kí ọ̀pá lè há mọ́ ọn láìlo gọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn fáìlì àti sáńpépà, wọ́n á yá a níná díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi ìda oyin ra á. Ibẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ tó ti ṣì máa ń di pupa rokoṣo. Tí iná bá mú apá kan ju ìkejì lọ, ó lè sán.

Igi ash ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọ̀pá, torí pé àárín rẹ̀ rọ̀: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbóná ni wọ́n fi ń jó o jáde. Ẹ̀gún òòrẹ̀ tí wọ́n pa láró, tí wọ́n hun, ni wọ́n ń wé mọ́ ọn. Òmíràn ní irun ẹṣin àti ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ wá wo etí ihò orí yìí, níbi tó ti sán. Igi máa ń wú tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, òkúta kì í wú. Bí wọ́n bá ki ọ̀pá bọ orí fún àfihàn, tí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pá lè la òkúta láti inú. Ẹ̀sìn kọ̀ ọ́, ìtọ́jú náà kọ̀ ọ́.

Àwọn orí kan ní òjé tí wọ́n yọ́ dà sójú ọnà. Dúrọ́ọ̀ onígi oak máa ń tú afẹ́fẹ́ kíkan sílẹ̀, tó ń sọ òjé di ìyẹ̀fun funfun. Májèlé ni ìyẹ̀fun yẹn, ẹ má fọwọ́ lásán nù ún. Kòkòrò ń jẹ ẹ̀gún òòrẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń ṣí àwọ̀ rẹ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 50 lux lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀). Nítorí kòkòrò yìí kan náà ni àwọn mùsíọ́ọ̀mù àtijọ́ ṣe fi arsenic, májèlé kan, kun nǹkan lára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Eérú tó kù nínú ihò, ẹ má ha á kúrò: ara àdúrà ni.

Òfin Amẹ́ríkà ti 1990 tí wọ́n ń pè ní NAGPRA ló fún àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun mímọ́ wọn padà. Láti 12 January 2024, mùsíọ́ọ̀mù tí òfin náà dè gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn tàbí ṣèwádìí lórí rẹ̀. Lóṣù yẹn gan-an ni American Museum of Natural History ní New York ti gbọ̀ngàn méjì pa.

Ìṣòro tó kù ni lébẹ́lì. “Sioux” nìkan ni ọ̀pọ̀ kọ, orúkọ tó kó Dakota, Lakota àti àwọn mìíràn pọ̀. Ní Minnesota nìkan, ìjọba Dakota mẹ́rin ló wà: Upper Sioux, Lower Sioux, Prairie Island àti Shakopee. Òmíràn wà ní Nebraska, ní South Dakota àti North Dakota, títí dé Kánádà, níbi tí òfin Amẹ́ríkà kò dé. Ẹ wá orúkọ ẹni tó gba ìkòkò náà, ọdún tó gbà á àti ibi tó ti gbà á nínú ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan sí ẹ̀yà tó ni ín.