Èyí Tó Kù Ni Kí Ẹ Jẹ

Bíbélì kíkà: 2 Ọba 4:1-7
Àkọ́sórí: "Lọ, ta òróró náà, kí o sì san gbèsè rẹ, kí ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ kí ó sì jẹ èyí tí ó kù" (ẹsẹ 7).

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì ni ọkọ opó yìí, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i pé ó bẹ̀rù Olúwa. Síbẹ̀ gbèsè ló kú fi sílẹ̀, olówó sì ti ń bọ̀ wá kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ṣẹrú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gbèsè ọrùn ará kan díwọ̀n ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kí òróró tó ṣàn rárá, wòlíì Èlíṣà ti bi obìnrin náà pé kí ló ní nínú ilé. Ó ní kò sí nǹkan kan, àfi ìkòkò òróró kan. Èlíṣà ní kó lọ yá ohun èlò òfìfo lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, òróró yẹn sì ń ṣàn títí gbogbo wọn fi kún.

Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ jókòó dáhùn ìbéèrè yẹn kí ẹ tó jáde. Ẹ mú ìwé àti bírò. Ojú kan, ẹ kọ owó tó ń wọlé lóṣù, ti ọkọ àti ti ìyàwó. Ojú kejì, ẹ kọ gbèsè: ẹni tí ẹ jẹ, iye tó kù, ọjọ́ tí ẹ dá, àti èlé orí rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò nìyí, nítorí gbèsè ńlá nìkan ni wọ́n ń kọ. Àwìn búrẹ́dì àti ṣúgà ńkọ́? Aṣọ ẹbí tí ẹ san ìdajì rẹ̀ ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ̀jẹ́ tí ẹ jẹ́ níbi ìkórè náà, gbèsè ni. Ẹ ka Oníwàásù 5:4-5, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ ọn.

Èyí tí èlé ń gorí ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ká ní ẹ yá 50,000 náírà lórí fóònù, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 15 nínú 100 lóṣù. 7,500 nìyẹn. Bí ẹ bá ń san èlé nìkan, lóṣù keje ẹ ti san 52,500, ẹ sì tún jẹ 50,000 síbẹ̀! Ní ti ẹni tí kò gba èlé, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kó má baà di pé ẹ ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nítorí rẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé ohun èlò òfìfo ni opó yìí lọ yá, kò lọ yá owó.

Ìyókù wá ńkọ́? Ìdámẹ́wàá ti kúrò níbẹ̀ látàárọ̀. Bí owó ilé bá jẹ́ 360,000 náírà lọ́dún, 30,000 ni lóṣù. Bí owó iléèwé bá jẹ́ 45,000 ní táàmù kan, táàmù mẹ́ta jẹ́ 135,000. Ẹ pín in sọ́nà 12, 11,250 ni. Lóṣooṣù, 41,250 náírà kì í ṣe tiyín bó tilẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi í sínú àpò tí ẹ fi ń ra ata. Owó ilé kì í ṣe àjálù, ọjọ́ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì.

Ẹni tí owó ojoojúmọ́ ń wọlé fún lè dá àjọ. Bí ẹ bá ń dá 1,000 lójúmọ́, alájọ á mú ti ọjọ́ kan, ẹ ó gba 30,000 nínú oṣù tó ní ọjọ́ 31. Ẹ máa gbà á lóṣooṣù. Owó oṣù mẹ́fà tó jókòó lọ́wọ́ alájọ kan ṣoṣo, ìdánwò ni fún òun náà.

Ẹ lè ra ẹ̀wà pọ̀ nígbà ìkórè tí owó rẹ̀ bá mọ níwọ̀n, àmọ́ kòkòrò lè jẹ èrè yín tán. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì títí dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i, ó ń pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ bá wa láyọ̀. La ojú wa sí ìkòkò òróró tó wà nínú ilé, èyí tí a ń pè ní "kò sí nǹkan kan."

Olúwa, fún ọkọ àti aya ní ìgboyà láti sọ òótọ́ gbèsè fún ara wọn láàárọ̀ yìí, láìsí ìjà.

Olówó kankan kò ní mú ọmọ wa lẹ́rú. Fún wa ní ohun tí a ó tà, ẹni tí yóò rà á, àti ọkàn tí yóò san gbèsè kó tó jẹun, lórúkọ Jésù.

Àwọn opó inú ìjọ wa tí gbèsè ọkọ jí bá lónìí, Olúwa, jẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀kùn àwa tí a ní ohun èlò nílé, kí a sì ṣí i. Àmín.