Kòkó Kan Náà, Owó Ibodè Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ wo kòkó tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Wọ́n ti bò ó, wọ́n ti sá a, ó gbẹ débi pé bí mo bá mì ín, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí wọ́n bá dì í sápò ní Oǹdó, tí ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Amsterdam ní Yúróòpù, àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ kò ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilé-iṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ fún bọ́tà jáde lára kòkó yìí kan náà, kó wá fi bọ́tà ránṣẹ́, owó ibodè 4.2% dé nìyẹn. Lórí bọ́tà 100,000 yúrò, 4,200 yúrò ti lọ.

Ibi tó dùn mí rèé: bọ́tà tó bá ti Gánà wá kì í san nǹkan kan. Ti Benin àti Togo náà kì í san.

Òfin òwò àgbáyé ni pé bí orílẹ̀-èdè kan bá dín owó ibodè kù fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Òwò Àgbáyé (WTO), kó dín in kù fún gbogbo wọn. Lọ́dún 1979 ni wọ́n yọ̀ǹda pé àwọn ọlọ́rọ̀ lè ṣe ojúure fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà nìkan. 4.2% tiwa yẹn gan-an, ẹ̀dínwó ni, 7.7% ni iye rẹ̀ gangan.

Àmọ́ ojúure ọ̀hún ní ìpele. Benin àti Togo wà lára àwọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà sí aláìní jù lọ, láti 2001 sì ni Yúróòpù ti ń gba gbogbo ọjà irú wọn wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, àfi ohun ìjà. Nàìjíríà ò sí nínú ìwé yẹn. Gánà náà ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun bá Yúróòpù ṣe àdéhùn tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2016: òun náà ń dín owó ibodè kù fún ọjà Yúróòpù díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lọ gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pé ká ṣílẹ̀kùn fún 75% ọjà Yúróòpù láàárín 20 ọdún. Nàìjíríà ò fọwọ́ sí i. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ bá ti Jámánì du ọjà?

Síbẹ̀, oníbọ́tà Àkúrẹ́ ló ń forí fá a. Kí oníbàárà tó lè yàn án dípò ará Gánà, àfi kí oníbọ́tà yìí já iye ọjà rẹ̀ wálẹ̀. Kòkó ọwọ́ mi yìí, inú àpò ló máa bá lọ.