Ẹ Dárúkọ Owó Ọkọ̀ Kí Èrò Tó Wọlé

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ ti ní ojú ìwé lórí Instagram, ẹ sì mọ bí a ṣe ń gbé iṣẹ́ síbẹ̀, nítorí náà n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ọ̀rọ̀ oníbàárà tó ń kọ̀wé ní aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo bá wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá mi yí àwọ̀ gèlè yẹn padà, kò lè ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

Ẹ wo kọ̀ńdọ́ dáńfó ní Yábàá. Kí èrò tó gbé ẹsẹ̀ sókè ló ti ń dárúkọ owó ọkọ̀, tó sì ń pariwo: "Ọbáléńdé! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn ti gbà nìyẹn. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí, nítorí wọn kì í dúró di orí afárá Third Mainland kí wọ́n tó dárúkọ owó ọkọ̀. Àwa ńkọ́? A ó ti ya ojú, a ó ti wé gèlè lé e lórí tán, kí a tó rántí owó.

Kí ẹ tó mú pẹ́ńsù, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́: iye owó, ìdajì tí ẹ ó kọ́kọ́ gbà, iye ìgbà tí ẹ ó ṣe àtúnṣe, àkókò tí ẹ ń dáhùn, àti ibi tí wọ́n lè lo àwòrán náà. WhatsApp Business lè bá yín dáhùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́.

Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í rèé, ó sì ń bí mi nínú! Ẹ kọ ọ́ pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ń ṣíwọ́, ẹ wá dáhùn ní mọ́kànlá. Ẹ GBỌ́ O: Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FI ÀÀLÀ LÉLẸ̀ NI Ẹ KỌ́KỌ́ Ń FO Ó! Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ pẹ̀lẹ́tù pé, "Ẹ káàárọ̀ mà, mo rí iṣẹ́ tí ẹ rán. Àtúnṣe kẹta nìyí, ó ní owó tirẹ̀."

Ní ti ẹ̀tọ́, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ (Copyright Act) ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, kò jẹ́ kí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ di ti ẹlòmíràn láìsí àkọsílẹ̀. Ẹ fi àwòrán kékeré tí orúkọ yín dábùú rẹ̀ ránṣẹ́ títí owó yóò fi pé.

Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Oníbàárà kan ní kí n ya obìnrin kan tó wé gèlè, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni òun ti máa fi polówó ọjà, mo sì fi èyí tó tóbi jù ránṣẹ́ kí ó tó san owó tán. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, nínú oòrùn ọ̀sán ní Balógun, mo rí gèlè mi lára abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń tà. Ooru náà pọ̀, mo ra ọ̀kan, mo sì fi fẹ́ ara mi dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀.