Igbá olókùn kan tó di sẹ́lò

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ akọrin sọ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ọ̀yọ́ níbí lọ́jọ́ Sátidé nìyí, àwọn tí ò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ síta, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Mo mú igbá kan dání lọ, igbá lásán tí wọn ò tíì fín. Mo bi wọ́n pé kí lèyí, wọ́n ní igbá ni, mo ní sẹ́lò ni, ohun èlò orin olókùn tó tóbi yẹn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ní 1876 ni wọ́n bí Pablo Casals, ògbóǹtarìgì nínú sẹ́lò fífà, ní El Vendrell, ìlú kékeré kan ní Catalonia, ní Sípéènì. Bàbá ẹ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Lọ́jọ́ kan àwọn eléré alárìnkiri kan dé, ọ̀kan nínú wọn ta okùn mọ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀ ó sì ń fà á bíi sẹ́lò, ọmọ yìí délé kò jẹ́ kí bàbá ẹ̀ sinmi mọ́, ni bàbá bá wá igbá kan ó ta okùn kan ṣoṣo sí i fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí gòjé olókùn kan rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìlú tí wọ́n ti ń fín igbá bíi tiwa yìí, ọ̀nà Casals ò jìn sí wa rárá.

Ó pé ọmọ ọdún 11 kó tó rí sẹ́lò gidi. Ẹni tí ò rí i rí, ó dà bíi fayolíìnì ṣùgbọ́n ó tóbi débi pé èèyàn á jókòó ni, á há a sáàárín orúnkún, ọ̀pá irin kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó gúnlẹ̀, okùn ẹ̀ mẹ́rin, ọrun tí wọ́n ta irun ìrù ẹṣin sí ni wọ́n fi ń fà á. Ohùn ẹ̀ jọ tèèyàn. Bàbá fẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ìyá ló yarí, Pilar lorúkọ ẹ̀, ó mú ọmọ ẹ̀ ó di Barcelona. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi ìyá yìí ni ọkàn mi máa ń kún, torí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún un pé ọmọ náà á dá nǹkan kan.

Nígbà yẹn, tíṣà á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há ìwé sábẹ́ abíyá tó bá ń fa ọrun, kí apá má bàa kúrò lára. Mo pe ọmọkùnrin kan síwájú, mo fi ìwé orin há a lábíyá, mo fún un ní ọ̀pá kan pé kó máa fà á lọ fà á bọ̀, kò pẹ́ rárá tí èjìká ẹ̀ gan. Casals ju ìwé yẹn nù ó tú ìgúnpá ẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ń fa sẹ́lò lónìí, ọ̀nà tó là ni wọ́n ń tọ̀.

Nígbà tó pé 13, òun àti bàbá ẹ̀ ya ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan nítòsí èbúté Barcelona, ibẹ̀ ló ti rí orin mẹ́fà tí Bach ará Jámánì kọ fún sẹ́lò nìkan láyìíká 1720. Àwọn èèyàn kàn ń já díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀ lò ni, bí ìdánrawò. Casals gbé e délé, ó ń fi í dánra wò lójoojúmọ́ fún ọdún 12 gbáko kó tó gbójúgbóyà lu odindi ọ̀kan níwájú èèyàn. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì fún wọn, ọdún 12. Ọmọ Àyàn tó ti lu omele títí lẹ́yìn bàbá ẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìyáàlù lé e léjìká, ọ̀rọ̀ yìí ò ní yà á lẹ́nu. 1936 sí 1939 ló tó ká gbogbo ẹ̀ sí rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ti ń súnmọ́ 60 nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ ni ìgbà tó dákẹ́. Ọ̀gágun Franco borí nínú ogun abẹ́lé Sípéènì ní 1939, ó sì di aláṣẹ ibẹ̀, Casals ò gbé Sípéènì mọ́, ó wà ní Prades ní ilẹ̀ Faransé, ó ń kọ lẹ́tà kiri kí wọ́n lè fún àwọn èèyàn ẹ̀ tógun lé kúrò nílé ní oúnjẹ àti aṣọ. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí táwọn tó ṣẹ́gun ò sì yọ Franco, ó ní òun ò ní ṣeré ní gbangba mọ́. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ẹ̀ ló káwọ́ yẹn kò o! Ní 1950, tó pé 200 ọdún tí Bach ti kú, àwọn olórin ńlá ló kó ohun èlò wọn lọ bá a ní Prades. Ní 1961 ó ṣeré fún Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní White House, ó ti pé ọmọ ọdún 84. Àwọn kan lè ní ó yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ara ẹ̀, torí Amẹ́ríkà ṣì ń bá Franco ṣe, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún Kennedy ni, orin ìbílẹ̀ Catalonia nípa àwọn ẹyẹ ló sì fi kádìí ẹ̀, ìyẹn orin ilé tó fi sílẹ̀. Puerto Rico ló kú sí ní 1973, lọ́mọ ọdún 96. Ọdún 1979 ni wọ́n tó gbé òkú ẹ̀ padà sí El Vendrell.

Ẹnì kan bèèrè pé kí ló kan ọmọ Ọ̀yọ́ nínú sẹ́lò. Mo ní Fela Sowande, ọmọ àlùfáà tí wọ́n bí ní 1905, tí àwọn ìwé kan ní Ọ̀yọ́ níbí ni wọ́n bí i sí, kọ orin African Suite ní 1944, sẹ́lò wà nínú ẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan wá bèèrè pé igbá Casals yẹn ńkọ́, ibo ló wà. Mo ní kò jù ú nù o, ó tọ́jú ẹ̀ títí tó fi dàgbà. Ló bá ní kí n fún òun ní tèmi, ó sì gbé e lọ sílé. Ó ku okùn. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ṣe gòjé l'Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wá a.