Awọ Ta Ni Wọ́n Fi Han Ẹ̀rọ Náà?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sọ. Mo ti gé e kúrú, àmọ́ mi ò yọ àwàdà ibẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, ẹni tó di aago mú sì ti ń wò mí.

Maryam Sadeghi kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Simon Fraser University, nítòsí Vancouver ní Kánádà. Àmì dúdú ara ló gbájú mọ́: èwo ni àmì lásán, èwo ló ń di melanoma, jẹjẹrẹ awọ ara tí kì í pẹ́ tàn káàkiri inú ara?

Bí dókítà awọ ara bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo irú àmì bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn á rí ohun tó jọ àwọ̀n ẹja. Bí àwọ̀n yẹn bá gún régé, ọkàn á balẹ̀ díẹ̀. Bí okùn rẹ̀ bá ki níbì kan, tó tín-ín-rín níbòmíràn, tó wá já lójijì, ọ̀rọ̀ á di "ẹ jẹ́ ká gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Báwo lẹ ṣe máa kọ́ kọ̀ǹpútà kó dá àwọ̀n mọ̀? Ọ̀pọ̀ yín á ní kó wá okùn. Sadeghi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó wá ihò: ìlà tó bá yípo padà bá ara rẹ̀, ihò kan nìyẹn. Bí ihò bá pọ̀, tí wọ́n sì fara kínra, àwọ̀n ti dé. Bàbá apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe, ṣebí ihò lòun náà ń wò?

Mo ti pẹ́ jù níbẹ̀, mo mọ̀.

Ní 2012, Sadeghi àti Majid Razmara dá ilé-iṣẹ́ MetaOptima sílẹ̀. Ọjà tí wọ́n gbé jáde ni MoleScope, awò kékeré tó níná tirẹ̀, tí wọ́n ń so mọ́ kámẹ́rà fóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé kóòdù ni gbogbo nǹkan, ẹ má bínú sí mi o. Kóòdù wo ló fẹ́ rí ihò nínú fọ́tò tí òógùn ń dán yinrin lára rẹ̀? Ohun tí wọ́n bá fi han ẹ̀rọ nìkan ló mọ̀, mo sì máa tún un sọ títí yóò fi sú yín.

Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ti 2017, tí wọ́n fi fọ́tò 129,450 kọ́ ẹ̀rọ kó lè dá jẹjẹrẹ awọ ara mọ̀. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn rí i pé bí rúlà bá wà nínú fọ́tò, ẹ̀rọ tètè ń pè é ní jẹjẹrẹ, torí ohun tó bá ń ba dókítà lẹ́rù ló ń gbé rúlà tì. Rúlà lẹ̀rọ kọ́!

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni ọmọbìnrin kan ti nawọ́ lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọ̀n yẹn á hàn lára tèmi?"

Mo pa pírójẹ́kítọ̀ náà.

Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni melanoma sábà máa ń lúgọ sí. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí ti Bob Marley ní 1977. Ó kú ní 1981, ọmọ ọdún 36. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò sì ní àwọ̀n, ebè àti poro ló ní, bí oko. Bí dúdú bá dúró sínú poro, ó sábà máa ń jẹ́ àmì lásán. Bó bá gun orí ebè, ẹ tètè wá dókítà. Ẹ̀rọ tó ń ka ihò àwọ̀n máa kọjá lára ìyẹn ni.

Ní 2022, àwọn kan ní Stanford kó fọ́tò 656 jọ, tí awọ dúdú pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa, wọ́n fi dán àwọn ẹ̀rọ wò. Lára awọ dúdú ni àwọn ẹ̀rọ náà ti ṣìnà jù. Nígbà tí wọ́n wá fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn, àlàfo náà dín kù. Ṣé mo purọ́?

Ẹnì kan tún béèrè nípa àwọn àfín. Oòrùn ni ọ̀tá tiwọn. Fìlà etí gbòòrò àti ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn ṣáájú fóònù èyíkéyìí. Aago ti lù. Àwòrán mẹ́sàn-án lórí bí wọ́n ṣe ń wá owó ilé-iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ wọn kó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.