Nọ́ńbà tí a gé tí kò ṣe é pín síbẹ̀

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ará mi. Kí n tó sọ̀rọ̀ rárá, ẹ wo ohun tí mo kọ sójú pátákó: 73939133. Kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Prime ni olùkọ́ wa ń pe irú rẹ̀. Nọ́ńbà àìṣeépín ni n ó máa pè é lónìí.

Ó yá, ẹ nu 3 ìkẹyìn kúrò. 7393913 ló kù, òun náà kò ṣe é pín. Ẹ máa nù ún lọ: 739391, 73939, 7393, 739, 73, títí yóò fi ku 7. Kò sí èyí tó ṣe é pín nínú wọn!

83 péré ni irú wọn, 73939133 sì ni àgbà gbogbo wọn. Kí ló dá a dúró? Bí a ṣe ń gé e láti ẹ̀yìn, àmì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 0 sí 9 tí a fi ń kọ nọ́ńbà, ló ń di ìkẹyìn nígbà tirẹ̀. Nọ́ńbà gígùn tó bá sì parí sí 0, 2, 4, 6 tàbí 8, 2 á pín in. Tó bá parí sí 5, 5 á pín in. 1, 3, 7 àti 9 nìkan ló kù tí a lè fi kún un. Ẹ fi 1 kún 73939133 lẹ́yìn, kí ẹ ro àwọn àmì rẹ̀ pọ̀: 39. Ẹ fi 7 kún un: 45. 3 pín méjèèjì. Wọ́n ti dán 3 àti 9 náà wò, wọ́n ṣe é pín.

Ṣùgbọ́n tí a bá ń gé láti iwájú ńkọ́? Ìkẹyìn kò kúrò níbi tó wà, nítorí náà 2, 4, 6 àti 8 ráyè jókòó láàárín. Bí a kò bá gba 0 láàyè, 4,260 ni wọ́n, èyí tó tóbi jù sì ní àmì 24: 357686312646216567629137.

Àwọn kan ń sọ pé eré lásán ni èyí, torí pé ara bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà ló wà, kì í ṣe ara nọ́ńbà gan-an. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ pe 79 bí àwọn bàbá wa ṣe ń pè é: mọ́kàndínlọ́gọ́rin. 80 tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀ ni. 7 dà, 9 dà, tí a fẹ́ gé? Síbẹ̀ n kò gbà pé eré lásán ni. Ẹ wo 294001, òun náà kò ṣe é pín. Àmì yòówù kí ẹ pààrọ̀ nínú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, ó di èyí tó ṣe é pín. Ẹ sọ 1 ìkẹyìn di 3 tàbí 9, 3 á pín in. Ẹ sọ ọ́ di 7, 7 á pín in. Kò sí èyí tó kéré tó o nínú irú rẹ̀. Ní 1979, Paul Erdős, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Họ́ńgárì, fi ẹ̀rí hàn pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò lópin.