Bí Mo Ṣe Ń Gbẹ́ Ihò Ìsùn Sínú Pápá Láìra Sìmẹ́ńtì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnu ti ń ro mí ni mo ṣe gbé kámẹ́rà dé oko lónìí. Láti ìgbà tí mo ti fi ibi tí mo ń sùn hàn yín, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é. Ó ti tó. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí n lè ráyè fi ẹnu jẹun.

Ibi tí a wà yìí kò jìnnà sí Adó-Àwáyè, lọ́nà Ìsẹ́yìn. Àwọn tó ń wá gun òkè lọ wo adágún Ìyákẹ̀ máa ń ru àgọ́ ọlọ́rá wá. Tí ọyẹ́ bá mú lóru, wọ́n á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Tó bá sì di aago mẹ́wàá àárọ̀, àgọ́ ti di ààrò. Inú ilẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóru, ó máa ń tutù lọ́sàn-án. Ẹ wo òkété, ta ló rí i rí kó ra fáànù?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kó kúrò nínú mi. Àwọn fídíò tí wọ́n ti ń fi igi ṣóńṣó gbẹ́ ààfin alájà méjì àti odò ìlúwẹ̀ẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má fi ṣe àwòkọ́ṣe. Katakata ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Díígà, ṣọ́bìrì, àdá, ọkọ́, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ya fídíò yìí ni èmi ní, òun náà ò sì yéé ráhùn. Má rẹ́rìn-ín, di kámẹ́rà mú dáadáa.

Ó yá. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ wá wá ibi tó dagun díẹ̀, kì í ṣe àfonífojì, kì í ṣe etí odò. Ẹ fi ọ̀pá irin gún un níbi márùn-ún kí ẹ tó gbé díígà, torí àdúgbò àpáta lèyí. Tó bá dún kíín, ẹ sún kúrò. Àsìkò iṣẹ́ ni oṣù Ọ̀pẹ títí di Èrèlé, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ ní oṣù Agẹmọ, kànga ló gbẹ́.

Ilẹ̀ pupa tó ní yangí la fẹ́. Ẹ bù ú, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, ẹ yí i lọ́wọ́ kó gùn bí ìka. Ẹ wò ó bí mo ṣe ń wé e mọ́ ìka mi. Kò já. Tó bá já kélekèle, iyanrìn ti pọ̀ jù, ògiri yẹn á wó. Ẹni tó bá ń bi mí pé ṣé ilẹ̀ lásán lè dúró, kó lọ wo Erédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó gùn tó 160 kìlómítà, ibòmíràn wà níbẹ̀ tó tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ebè rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ihò tèmi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó fẹ̀ ní 7, ó jìn ní 4. Kí ló dé tó fi jẹ́ 4? Torí tí mo bá dìde dúró nínú rẹ̀, orí àti àyà mi wà lókè. Mi ò ṣàwàdà níbí o. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ dáadáa. Tó bá ya lu èèyàn láyà, kò ní lè mí. Ẹ má ṣe dá gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ da erùpẹ̀ sí ibi tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí etí ihò, kó má baà ti ògiri wọlé. Ẹ jẹ́ kí ògiri fi ẹ̀yìn tì díẹ̀, bí ẹni tó jókòó sórí àga. Tí ẹ bá rí ibi tí ilẹ̀ ti ń sán gba etí ihò lọ, ẹ jáde ná. Ṣọ́bìrì lè dúró síbẹ̀.

Gbígbẹ́ fúnra rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ẹ ṣẹ́ àtẹ̀gùn mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì fi pẹpẹ kan sílẹ̀ lápá kan tí ẹ ò ní gbẹ́ dénú, ibẹ̀ lẹ máa tẹ́ ẹní sí. Èèyàn kì í sùn sórí ilẹ̀ ihò gan-an, ó ní ọ̀rinrin.

Wàyí o, omi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ láyé mi, ó rẹwà, mo fi ọwọ́ pa á títí ó fi ń dán. Òjò àkọ́rọ̀ kan ló rọ̀. Aago méjì òru ni mo jí, omi ti dé ìgbáròkó mi, fóònù ti kú, gàrí tí mo gbé sí igun ti mu omi yó, ó ti ya àpò jáde. Ìyàwó mi ṣì máa ń bi mí pé ṣé mo fi ṣúgà sí i.

Nǹkan mẹ́ta ni mo wá ń ṣe báyìí. Àkọ́kọ́, gọ́tà lápá òkè, kí ó tẹ̀ bí òṣùpá ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjá ihò lọ sísàlẹ̀. Ìkejì, ẹ mọ ebè amọ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1 yí etí ihò ká. Ìkẹta ni ọgbọ́n tèmi gan-an: ẹ sún kámẹ́rà síbí. Ṣé ẹ rí ẹnu ọ̀nà? Ebè yìí náà gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ó gòkè kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá síbí ló máa ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, tí wọ́n á ní kí n wó o. Mi ò wó o! Èèyàn lè gbé ẹsẹ̀ sókè, omi ò lè gbé ẹsẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, torí ìjì òjò wa, láti ìlà oòrùn ló ti ń wá.

Amọ̀ ibi ọ̀gán ni mo fi ń rẹ́ ògiri. Ikán ti bá wa lọ̀ ọ́ kúnná. Ọ̀gán tó ti kú ni kí ẹ wú o, ẹ má lọ ṣí ilé onílé. Mo gé koríko wẹ́wẹ́ sí i, mo da ìgbẹ́ màlúù mọ́ ọn, mo fi ẹsẹ̀ gún un, mo bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá se èèpo èso igi igbá, igi tí a ti ń rí irú, mo fi omi rẹ̀ pa ojú ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń mú kó le. Ẹnì kan ní kọ́mẹ́ǹtì ní kí n kúkú lo sìmẹ́ńtì kí n sinmi. Àbúrò, tó o bá fẹ́ sìmẹ́ńtì, Ìsẹ́yìn nìyẹn, lọ gba yàrá.

Òrùlé. Igi àyìn ni òpó mi méjèèjì, torí ó le, ikán kì í tètè jẹ ẹ́. Orí rẹ̀ là sí méjì bí igi kànnàkànnà. Mo fi iná jó ìdí rẹ̀ títí ó fi dúdú, mo sì da eérú sínú kòtò tí mo rì í sí, ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sí etí ihò. Ẹ má ri òpó sí etí ihò gan-an. Ẹ gbé igi gbọọrọ lé wọn lórí, ẹ to ẹkẹ́ sí ọ̀tún àti òsì, ẹ fi ọparun tí ẹ ti là dábùú rẹ̀. Ìtàkùn ni okùn wa. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Tó bá gbẹ, á fún pinpin.

Ẹ jẹ́ kó dagun: tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 wọlé, kí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Òrùlé pẹrẹsẹ tí wọ́n ń da erùpẹ̀ lé lórí nínú fídíò, tí òjò bá ti mu erùpẹ̀ yẹn, ibojì ni. Koríko bẹẹrẹ ni mo fi bo tèmi, irú èyí tí wọ́n ń rù lọ sí Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ nígbà ọdún Bẹẹrẹ láti fi bo ààfin Aláàfin. Ìsàlẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa tò ó lọ sókè bí ìpẹ́ ẹja, kó nípọn ní íńṣì 8. Etí òrùlé gbọ́dọ̀ kọjá ihò ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Mo tún un sọ, 3! Àwọn kan á fi 1 sí i nítorí pé bẹẹrẹ ò tó, wọ́n á wá pè mí lóru.

Ẹ ṣí orí ògiri iwájú àti tẹ̀yìn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa kọjá. Ẹ má dáná sínú rẹ̀. Ẹ má gbé èédú wọlé pé òtútù ń mú yín, kódà kó ti di ẹ̀ṣẹ́ná. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ní òórùn, ẹ ò ní rí i, ojú oorun ló ti ń pa èèyàn. Ẹ dáná síta, kó jìnnà, kí ẹ sì ro àyíká mọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 15, torí pápá á jó ní ẹ̀ẹ̀rùn, bẹẹrẹ ò sì mọ̀ pé ilé lòun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè ejò: mi ò mọ àlùbọ́sà kankan tó ń lé ejò. Ibi tí a ro mọ́, tí kò sí oúnjẹ tí eku máa wá jẹ, ejò kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó tẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù pé ṣé òun lè gbẹ́ ẹ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ lọ bi lándílọ́ọ̀dù yín ná.

Ó ku ìdánwò. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá nìyí. Ìwọ, gbé kámẹ́rà fún mi, wọ inú rẹ̀ lọ. Mo ń dà á o! Ọ̀kan. Méjì. Ṣé ó ń jò? ... Mo ní ṣé ó ń jò? ... Ó ní òun ti dùbúlẹ̀, kí n má pariwo.